Àkàbà Ọ̀jọ̀gbọ́n: Ìtàn Ipò àti Ìgbéga Àwọn Dókítà Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Wa

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nítorí pé àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ìṣègùn ń pọ̀ sí i. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé apá kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà sọ. Gbogbo wa la mọ bí ọmọ ṣe ń di dókítà. Díẹ̀ nínú wa ló mọ bí dókítà ṣe ń di olùkọ́ àwọn dókítà, bó ṣe ń ti ipò kan bọ́ sí òmíràn, àti ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àìmọ̀ yìí ti kó ìbànújẹ́ bá ilé tèmi. N ó sọ ọ́ kí n tó parí, torí ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Kí Ìbàdàn Tó Dé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá ti ń ṣe dókítà òyìnbó. William Broughton Davies, ọmọ Sàró tó jẹ́ ìran Yorùbá, gba oyè ìṣègùn ní Britain ní 1858. Obadiah Johnson, tó ṣètò ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel Johnson kọ, èyí tó jáde ní 1921, dókítà ni òun náà. Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wọ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní Èkó ní 1896.

Ṣùgbọ́n ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo dókítà ìjọba ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ àkóso kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ adúláwọ̀. Ìbáà ṣe yunifásítì kan náà ni dókítà dúdú àti dókítà funfun ti jáde, ìbáà ṣe pé dúdú ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju funfun lọ, kò lè jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, owó oṣù wọn kò sì dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ ipò láàárín àwọn dókítà ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó.

Ní 1930, ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yaba. Àwọn ọmọ tó wọ ibẹ̀ mọ̀wé, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n jáde, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n pè wọ́n. Ìwé ẹ̀rí wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Britain. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun sí dókítà pátápátá ní láti wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó, kó lọ tún ìdánwò ṣe.

Àkàbà Tó Ti Lọ́ńdọ̀nù Wá

Ní 1948, wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó ẹ̀kọ́ ìṣègùn kúrò ní Yaba lọ síbẹ̀. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Lákọ̀ọ́kọ́, Adéọ̀yọ́ ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ sí UCH. Nígbà tó fi di 1960, àwọn ọmọ tó ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ wọn nílé ti ń jáde níbẹ̀. Ní 1962, Ìbàdàn di yunifásítì tó dá dúró.

Bí oyè Lọ́ńdọ̀nù ṣe wá, bẹ́ẹ̀ náà ni àkàbà ipò Lọ́ńdọ̀nù wá: Lecturer, Senior Lecturer, Reader, àti Professor, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n. Láyé ìgbà náà, àga ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló máa ń wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan, ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ náà ni olórí ẹ̀ka. Bí kò bá kú, tí kò fẹ̀yìn tì, tí kò sì kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè gorí àga náà, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Òyìnbó ló sì pọ̀ jù lórí àwọn àga wọ̀nyí nígbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń bọ́ síbẹ̀. Oladele Ajose jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìdènà àrùn ní Ìbàdàn kó tó lọ di Gíwá àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1962. Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Àrò ní 1954, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1963, ó sì di Gíwá Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, padà wálé ní 1962 láti wá dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Òun náà di ọ̀jọ̀gbọ́n kó tó kú ní 1974.

Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni ti Oladipo Ogunlesi. Yaba ló ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́, nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ ibẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ dókítà. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ tún ìdánwò ṣe, ó sì padà wá. Ní 1965, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ó pẹ́ láyé. 2023 ló kú, kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ì bá fi pé 100 ọdún.

Kí ló gbé wọn ga? Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ni. Àpẹẹrẹ tó dára ni ti Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí. Ó rí àwọn èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọn kò lè rìn gaara mọ́, tí ojú wọn sì ń ṣú. Ó tẹ̀ lé àìsàn náà dé abúlé, ó bi wọ́n léèrè oúnjẹ, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì fi hàn pé oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, tí wọ́n sì ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ aṣaralóore mọ́ ọn, lọ́wọ́ nínú àìsàn náà. Ó kọ ọ́ sínú àwọn jọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn tí gbogbo ayé ń kà. Ní 1970, nígbà tó wà ní ẹni 35 ọdún, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò dúró de ẹnikẹ́ni láti wá a wá sílé.

Zaria, Kaduna àti Àwa Ará Kawo

Àwa tí a ń gbé Kawo, tí a ń rí ọkọ̀ Zaria tó ń kọjá lójoojúmọ́, kò yẹ kí a rò pé Ìbàdàn àti Èkó nìkan ló ni ìtàn yìí. Ní 1962 ni Yunifásítì Ahmadu Bello bẹ̀rẹ̀ ní Zaria. Ní 1966, dókítà àwọn ọmọdé kan, Ishaya Audu, ọmọ Wusasa, tó ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Èkó, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Gíwá ibẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1967, ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní ABU. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ní Zaria, ní Kaduna níbí, àti ní Malumfashi, kí wọ́n tó kó lọ sí ibùjókòó tuntun ní Shika ní 2005. Umaru Shehu, ọmọ Maiduguri, di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ó sì lọ jẹ́ Gíwá ní Nsukka ní 1978. Àwọn ọmọ Yorùbá náà wà lára àwọn olùkọ́ ABU. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ni wọ́n tọ́jú nígbà náà, láìmọ̀ pé ẹni tí aládùúgbò wa ń pè ní likita yìí ń kọ́ni ní ilé ìwé lọ́wọ́ kan náà.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Nnamdi Azikiwe kọjá ti rí National Eye Centre. Adenike Abiose, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ojú, ló darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Kaduna níbi tí àrùn tí eṣinṣin etí odò ń fà ti ń fọ́ àwọn èèyàn lójú, wọ́n sì fi hàn pé oògùn ivermectin tí èèyàn bá ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún máa ń dáàbò bo iṣan ojú. Ní 1993, àbájáde náà jáde nínú The Lancet, ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà ìṣègùn tó lókìkí jù láyé. Obìnrin ni, ọmọ Yorùbá ni, Kaduna níbí ló sì ti ṣe é.

Ìpínlẹ̀ Kaduna náà dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2004. Ilé ìwòsàn tí wọ́n fi orúkọ Dókítà Barau Dikko pè, ọmọ Òkè Ọya àkọ́kọ́ tó di dókítà, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀ lónìí.

Bí Àkàbà Náà Ṣe Rí

Àkàbà tó wà lónìí gùn ju ti Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Graduate Assistant, ó kan Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Àga kì í ṣe ẹyọ kan mọ́; ẹ̀ka kan lè ní ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́fà, kí wọ́n sì máa jẹ olórí ní ìpele ìpele.

Dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gba oyè ìṣègùn, yóò fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nílé ìwòsàn, yóò sì ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn dókítà àgbà: ti Nàìjíríà, tí òfin 1979 gbé kalẹ̀, tàbí ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá yege lè wọ yunifásítì ní Lecturer I, ilé ìwòsàn yóò sì gbà á gẹ́gẹ́ bíi kọnsọ́tántì. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀yà ara àti irú rẹ̀, tí wọn kì í tọ́jú aláìsàn, oyè Ph.D. ni tiwọn. Àríyànjiyàn ti wà lórí bóyá ìdánwò àwọn dókítà àgbà tó Ph.D. Àwọn dókítà ní ó tó. Àwọn olùkọ́ kan ní ẹ̀ka mìíràn ní kò tó. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà kan ti ń gba méjèèjì kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ẹjọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀gá méjì ni dókítà olùkọ́ ń sìn. Yunifásítì gbà á síṣẹ́, òun ló sì ń gbé e ga. Ilé ìwòsàn ló ń rí i lójoojúmọ́: aláìsàn tó tò síta láti òwúrọ̀, iṣẹ́ abẹ, ìpè òru, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀ lé e láti ibùsùn dé ibùsùn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ohun tó ń gba gbogbo àkókò rẹ̀ kọ́ ni ohun tí yóò wúwo jù nígbà ìgbéga. Ìgbìmọ̀ yóò wo bó ṣe ń kọ́ni, yóò wo ipa rẹ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n ìwádìí tó ti tẹ̀ jáde ni wọ́n máa ń bèèrè jù. Ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń wà láàárín ipò kan àti èkejì. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ni yóò kó ìwé rẹ̀ jọ, yóò sì gbé e síwájú ẹ̀ka. Láti ibẹ̀ yóò lọ sí ọ̀dọ̀ fákọ́tì, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ yunifásítì. Fún ipò Reader àti ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á kó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì mìíràn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò bá gbé ìwé kalẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé níbo ló wà.

Ohun Tó Ń Fìdí Iṣẹ́ Múlẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì gbé kalẹ̀ ní 1940 ni pé kí wọ́n má dán olùkọ́ wò ju ọdún méje lọ. Bó bá yege, iṣẹ́ rẹ̀ di àyèbọ́. Bí kò bá yege, yóò máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà olùkọ́ níbẹ̀ lónìí ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn ọlọ́dún díẹ̀, tí wọ́n ń tún un ṣe bó bá ti pé. Kí àwọn ọmọ wa tó ń lọ sọ́hùn-ún mọ èyí.

Níhìn-ín, ọdún díẹ̀ ni a fi ń dán olùkọ́ wò, lẹ́yìn náà wọn yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Lórí ìwé nìyẹn. Ní 1975, ìjọba ológun lé òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000, ìjì náà sì dé àwọn yunifásítì. Ilé ẹjọ́ ló wá fẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Olaniyan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Èkó, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé a kò lè fi lẹ́tà lásán lé olùkọ́ tí òfin yunifásítì dáàbò bò. A gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn ará Kwara tó wà láàárín wa kò ní gbàgbé ti Ìlọrin: olùkọ́ 49 pàdánù iṣẹ́ wọn ní 2001 lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì. Ọdún 2009 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn láre. Ọdún mẹ́jọ! Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹni tí òfin ń gbèjà gbọ́dọ̀ lè fi ọdún mẹ́jọ jẹun.

Òfin 2012 tún fi kún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n lè ṣiṣẹ́ títí di 70 ọdún, olùkọ́ yòókù di 65. Ẹ rí i pé ẹni tó bá dé òkè àkàbà ní ọdún márùn-ún sí i láti fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ilé Tèmi

Mo ní àbúrò kan, dókítà àwọn aboyún ni. Ní 1996, ó yege ìdánwò àwọn dókítà àgbà, ó sì wọ iṣẹ́ olùkọ́ ní Lecturer I níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Inú wa dùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó wá sílé mi ní Kawo, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò tí ì gbọ́ nǹkan kan nípa ìgbéga o. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ ìjọba, kí ni kí n ṣe?"

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí nígbà náà. Àárín fáìlì ni mo dàgbà sí lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí ọdún rẹ bá ti pé, tí àyè sì wà, wọn yóò pè ọ́ wá ṣe ìdánwò ìgbéga. Mo fi ti ọ̀dọ̀ tiwa ṣe òdiwọ̀n. Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Fáìlì rẹ wà lọ́nà. Má lọ máa bèèrè, kí wọ́n má baà pè ọ́ ní alásejù."

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọdún ń gorí ọdún. Ó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ tó le, irú èyí tó pọ̀ ní apá Òkè Ọya yìí, tí ọkọ ti kọ̀ sílẹ̀, tí ará ilé ti lé síta. Ó ń kọ ohun tó rí sínú ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́ orí wọn, iye ọjọ́ tí wọ́n fi rọbí, bí iṣẹ́ abẹ ṣe jásí. Ìwé mẹ́rin ló kún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó wà nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni ìgbéga rẹ̀, pé bó bá kọ ọ́ jáde, àwọn dókítà ibòmíràn ì bá rí i kọ́ra, òun náà ì bá sì gòkè. Àwọn tó kọ́ ní ilé ìwé ti di Senior Lecturer, òun ṣì wà níbi tó wà. Ní 2007, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Saudi Arabia. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Àwọn ìwé mẹ́rin náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi ní Kawo.

N kò dá ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi nínú ìwé yìí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì wí ohun tí n kò mọ̀.

Ìmọ̀ràn Mi

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà wa. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè fún ìwé ìlànà ìgbéga, kí ẹ kà á tán. Èkejì, kí ẹ wá ẹnìkan tó ti gun àkàbà náà, kí ẹ máa bi í léèrè. Ẹ má bi ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀kẹta, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ ń rí jáde, àní bí kò ju ojú ìwé mẹ́ta lọ. Kí ẹgbẹ́ wa náà yan ọjọ́ kan lọ́dún tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Zaria àti Kaduna yóò bá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jókòó. Owó tí yóò ná wa kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan.

Lọ́dún tó kọjá, mo bi àbúrò mi lórí tẹlifóònù bóyá kí n fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Bí mo bá wálé, a ó jọ wò ó." Mo ń retí rẹ̀.

Kí Elédùmarè dá gbogbo ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi padà sílé láyọ̀, kó sì jẹ́ kí èyí tó wà nílé gòkè níṣojú àwa òbí wọn.